Ẹ̀rọ sukáánà tí kò mọ páswọ́ọ̀dù: báwo ni kó ṣe máa rán ímeèlì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Postfix, ètò sáfà ímeèlì, la fi ń rán ímeèlì níbi iṣẹ́. Àwọn tó ń tajà kiri ń gba port 587 (ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà sáfà ímeèlì) wọlé pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù, ìyẹn ò ní wàhálà. Sukáánà àtijọ́ kan ní ẹ̀ka wa n'Íbàdàn ló há mi lọ́rùn: port 25 nìkan ló mọ̀, IP ibẹ̀ (nọ́ńbà àdírẹ́sì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì) sì ń yí padà ṣáá. Tí mo bá fi gbogbo IP ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wọn sínú mynetworks (àkọsílẹ̀ àwọn IP tí Postfix ń jẹ́ kó rán ímeèlì láìbéèrè páswọ́ọ̀dù), àwọn oníspam, ìyẹn àwọn tó ń rán ímeèlì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, á rọ́ wọlé, Spamhaus, àjọ tó ń kọ orúkọ àwọn tí spam ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá sílẹ̀, á sì kọ orúkọ wa sílẹ̀. Ọ̀gá ò sì fẹ́ ra òmíràn o!

Ṣé VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni kí n fà débẹ̀, àbí kí n gbé Postfix kékeré kan síbẹ̀ tí yóò máa gba iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò sì fi páswọ́ọ̀dù rán an sí wa? Èwo lẹ ti lò rí?