Ọmọ mi fẹ́ kó lọ sí ilé sorority, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Ohio fẹ́ kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ sí ilé sorority rẹ̀, ìyẹn ilé tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó wà nínú rẹ̀ jọ ń gbé. Mo ka ìwé àdéhùn wọn: odidi ọdún ẹ̀kọ́ ni, owó oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ o, kò jẹ ẹ́ o. Bó bá kó jáde láàárín ọdún ńkọ́, ṣé wọ́n ń dá owó padà?

Èyí tó ń já mi láyà jù ni ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2024 ní kí yunifásítì máa kéde ẹgbẹ́ tó bá ṣe é. Níbo ni mo ti lè rí àkọsílẹ̀ náà?