Ṣé iná ultraviolet kò ní ba sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún àbúrò mi jẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bódìjà, Ìbàdàn ni mo wà. Wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yòókù) lára ẹ̀gbọ́n wa obìnrin fún àbúrò mi ní Íńdíà nítorí sickle cell. Sickle cell lọ, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tuntun náà ń bá awọ ara rẹ̀ jà. Ó ń yún un, ó sì ń le.

A ti lo steroid àti ìpara, kò kápá rẹ̀. Dókítà wá ní kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n ya sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀, kí wọ́n po psoralen, oògùn tó ń jẹ́ kí iná ran sẹ́ẹ̀lì, mọ́ ọn, kí wọ́n tan iná UVA (irú ultraviolet kan) sí i, kí wọ́n dá a padà sí i lára. Dókítà yìí kan náà ló ní kó sá fún oòrùn!

Mo kà á pé ultraviolet inú oòrùn kì í dé mùdùnmúdùn egungun, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ń gbé. Ti ìtọ́jú yìí ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ gan-an ni wọ́n ń tanná sí, tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ díẹ̀ sì máa ń rìn nínú rẹ̀? Ṣé kò ní ba ohun tí ẹ̀gbọ́n wa fún un jẹ́?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.