Ẹni Mímọ́ wo ni alágbàwí àwọn tó ń rìnrìn àjò lórí òkè?

Ọmọ Àgùdà béèrè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Christopher ni mo mọ̀ sí alágbàwí àwọn arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé Bernard ni ti àwọn tó ń gun òkè. Ṣé Bernard ti Clairvaux náà ni? Bernard ni orúkọ ìrìbọmi ọmọ mi, mo sì fẹ́ mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí a máa ṣe àjọ̀dún rẹ̀.

Arókìn dáhùn:
Rárá o, ẹni ọ̀tọ̀ ni. Bernard ti Menthon ni ti àwọn olókè, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn díákónì ní Aosta, ní àríwá Ítálì, ní ọ̀rúndún kọkànlá. Lásìkò náà, ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń lọ sí Róòmù fún ìrìn àjò mímọ́ ń gbà la àwọn òkè Alps kọjá ga ju mítà 2,400 lọ, yìnyín a máa bò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, àwọn olè sì tún ń dènà deni níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1050, Bernard dá ilé àlejò sílẹ̀ síbi tí ọ̀nà náà ga jù. Àwọn àlùfáà ibẹ̀ a máa jáde tọ àwọn èrò lọ nígbà òtútù, wọn a máa fi ọ̀pá gígùn wá ẹni tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣì ń gba àlejò níbẹ̀ títí di òní, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Swítsálandì àti Ítálì.

Pópù Pius Kọkànlá ni ó kéde rẹ̀ ní alágbàwí àwọn olókè ní 1923. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí Pópù yìí alára ti gun òkè Monte Rosa, nínú àwọn Alps, ní 1889, nígbà tí ó ṣì jẹ́ àlùfáà lásán.

Ìyá Ìjọ dáhùn:
Òótọ́ ni Arókìn sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ajá ńláńlá tó ń jẹ́ orúkọ Bernard kún un, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ni ó ń sìn wọ́n. Ó ti kú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí àwọn àlùfáà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sin ajá. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Barry, tí wọ́n ní ó gba ènìyàn tó lé ní 40 là, tí ó sì kú ní 1814. Wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bern, ní Swítsálandì. Ní ti àgbá ọtí kékeré tó máa ń wà lọ́rùn wọn nínú àwòrán, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán nìyẹn.

Ní ti ọjọ́, ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ni àwọn àlùfáà ilé àlejò náà ń ṣe ti Bernard ti Menthon. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni ti Clairvaux. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìrìbọmi ọmọ náà, bóyá wọ́n kọ èwo nínú àwọn méjèèjì sí i.