Lílóṣòó márùn-ún lẹ́yìn eyín fífọ̀: ìrírí mi rè é, ẹ sọ tiyín náà

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní mo fẹ́ tún ayé mi ṣe, ẹrù mẹ́rin ni mo máa ń gbé pọ̀: kí n máa jí láago márùn-ún, kí n máa sáré, kí n máa kàwé, kí n sì máa kọ ìnáwó mi sílẹ̀ lálaalẹ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, mo ti padà sídìí fóònù.

Ẹnìkan wá sọ fún mi pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni nǹkan fi ń mọ́ni lára. Mo ń fi bírò pupa sàmì sí kàlẹ́ńdà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejìlélógún mọ́, mo sùn gbàgbé! Mo gbà pé ọ̀lẹ ni mí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà á pé dókítà kan ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣiṣẹ́ abẹ láti tún ojú èèyàn ṣe, ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dún 1960. Bí ojú tuntun ṣe ń pẹ́ tó kó tó mọ́ ẹni tó ni ín lára ló ń sọ. Ojú o, kì í ṣe eré sísá. Nígbà tí Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa èèyàn 96 tó ń fi nǹkan tuntun kọ́ra fún ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín kó tó mọ́ wọn lára. Ẹnìkan lo 18, wọ́n ṣírò ti ẹlòmíì dé 254. Mo mí kanlẹ̀.

Ohun tó wá mọ́ mi lára kéré débi pé ojú ń tì mí. Tí mo bá ti fọ eyín tán láàárọ̀, màá lóṣòó, màá dìde, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó parí. Eyín fífọ̀ ò yẹ̀ rí, torí náà òun náà ò ríbi yẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí márùn-ún di ogún. Ọjọ́ tí ara mi ò yá, mo pa á jẹ, mo sì tún ṣe é lọ́jọ́ kejì; tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ì bá parí sí.

Ti ìnáwó kíkọ, ẹ má bi mí.

* * *

Ẹ kú ìrírí o. Ní tèmi, fóònù orí bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀. Mo gbé ṣájà lọ sí pálọ̀, mo ra aago tó ń jíni. Lóru àkọ́kọ́, mo yọ́ lọ dúró ti fóònù nínú òkùnkùn. Ìyàwó mi rò pé olè ni! Ṣùgbọ́n ìnàró máa ń dunni lẹ́sẹ̀. Lóru kẹrin, mi ò dìde mọ́.

* * *

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ni mí, “àárọ̀” mi kì í dúró sójú kan. Nígbà tí mo fi ìwé kíkà sí aago, kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo so ó mọ́ bàtà iṣẹ́ tí mò ń bọ́ ló tó mọ́ mi lára: bàtà kúrò lẹ́sẹ̀, ojú ìwé méjì. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ṣì ń dà mí láàmú, torí kò sí bàtà tí mo fẹ́ bọ́.

* * *

Àbúrò, ẹ wọ bàtà yẹn rìn yíká ilé lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá bọ́ ọ. Mi ò ṣeré o.