Ẹ̀dà, ẹ̀yà tàbí ẹ̀ka: kí la ó pe fóònù méjì tó jọra tí mọ́dẹ̀mù wọn yàtọ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo ilé o.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìpẹrù gbé kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dá sí. Wọ́n ní tí fóònù kan náà bá jáde ní oríṣiríṣi fún orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, ká máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní “ẹ̀dà”. Wọ́n tún ní kí mọ́dẹ̀mù inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, di “ẹ̀rọ agbàmì”. Àbúrò wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó dá wọn lóhùn pé “ẹ̀yà” sàn ju ẹ̀dà lọ, òun náà sì fara mọ́ agbàmì. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, n kò lè bá wọn lọ síbẹ̀.

Ẹ̀dà ló burú jù fún iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé fún un. Ẹ wọ Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí mo ń gbé, kí ẹ sọ fún ẹni tó ń ta fóònù pé ẹ̀dà iPhone lẹ ń wá. Ayédèrú ni yóò gbọ́. Tí wọ́n bá ní ká mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí wá, gbogbo wa la mọ̀ pé ojúlówó wà nílé. Ẹ̀dà kì í dá wà, ó gbọ́dọ̀ ní èyí tí wọ́n ti dà á kọ. Àwọn fóònù tí à ń sọ yìí kò sì dà ara wọn kọ. Ilé iṣẹ́ kan ló ṣe wọ́n, orúkọ kan ló fún wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì bọ́ sí ọjà.

Ẹ jẹ́ ká mú iPhone 7 ti ọdún 2016, nítorí pé òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ A1660 ń lo mọ́dẹ̀mù tí ilé iṣẹ́ Qualcomm ṣe, A1778 ń lo ti ilé iṣẹ́ Intel. A1660 ni àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Verizon àti Sprint tà ní Amẹ́ríkà, A1778 ni AT&T àti T-Mobile tà níbẹ̀, òun náà ni wọ́n tà ní Yúróòpù. A1660 lè bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì CDMA sọ̀rọ̀, irú èyí tí Starcomms àti Visafone ń lò lọ́dọ̀ wa nígbà kan. A1778 kò lè ṣe é. Èyí kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n, torí tókúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń rà. Èyí tó bá ti London dé, A1778 ni. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà dé lè jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù nítòsí ilé wa fi èyí hàn mí. Ó gbé iPhone 7 méjì sórí gíláàsì, dúdú ni àwọn méjèèjì, ojú kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ó dà wọ́n dé, ó tọ́ itọ́ sí àtàǹpàkò, ó fi nu ìdí wọn níbi tí eruku ti bo ìkọ̀wé kékeré tó wà nísàlẹ̀ orúkọ. Àfìgbà tó gbé wọn jáde sínú oòrùn ni mo tó rí nọ́ńbà tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó sọ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí: “Ojú wọn dọ́gba, inú wọn ni ò dọ́gba. Fóònù wà tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fóònù sì wà tó ń dì í mú.” Mo fẹ́ kí ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yà wọ etí ju ẹ̀dà lọ, n kò bá àbúrò wa jiyàn nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́, ẹsẹ̀ àti imú ni ẹ̀yà ara. Tí ẹ bá sọ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣágámù pé ẹ̀yà iPhone 7 yàtọ̀ síra, á bi yín pé ẹ̀yà wo nínú rẹ̀: ojú ni, bátìrì ni, àbí ibi tí a ń ki ṣájà bọ̀? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yà kan nínú fóònù gan-an ni à ń tìtorí ẹ̀ jiyàn. A ó wá máa kọ “ẹ̀yà tí ẹ̀yà rẹ̀ yàtọ̀”, òǹkàwé á sì sọ nù. Tí ẹnì kan bá ní ká lo “ìran”, òun náà ti níṣẹ́ lọ́wọ́: ìran kẹrin ni 4G, ìran karùn-ún ni 5G. Oríṣi gbòòrò jù, torí oríṣi ni Samsung àti Tecno jẹ́ sí ara wọn.

Ẹ̀ka ni àbá tèmi. Àwa tí a fẹ́ràn èdè ti ń lò ó tipẹ́: ẹ̀ka-èdè la pe Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́. Kò sẹ́ni tó lè dìde kó sọ pé Ìjẹ̀bú jẹ́ ayédèrú Ọ̀yọ́. Ará Ìlíṣàn àti ará Ìjẹ̀bú-Òde a máa gbọ́ ara wọn yé, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè bákan náà, síbẹ̀ Yorùbá kan náà ni wọ́n ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ A1660 àti A1778 ṣe rí gan-an nìyẹn. A lè kọ ọ́ báyìí: “iPhone 7 ní ju ẹ̀ka kan lọ, ẹ̀ka A1778 ni wọ́n tà ní Yúróòpù.” Ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan lè ní ẹ̀ka báńkì ni òun gbọ́. Mo ti rò ó, mo sì rí i pé orúkọ fóònù tó ṣíwájú àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e máa ń gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn.

Ó bá ti Samsung náà mu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń ṣe Galaxy S ní ẹ̀ka méjì. Galaxy S9 ti ọdún 2018 lo ṣíìpù ńlá tó ń jẹ́ Snapdragon 845 ní Amẹ́ríkà àti Ṣáínà, ó lo Exynos 9810 ní Yúróòpù àti ibòmíì. Inú ṣíìpù ńlá yẹn gan-an ni mọ́dẹ̀mù wà, kò dá dúró lọ́tọ̀. Ìdí kan nìyẹn tí “ẹ̀rọ” inú “ẹ̀rọ agbàmì” fi ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀rọ á máa wá àpótí kan tó lè yọ sọ́tọ̀.

Agbàmì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó sọ ìdajì, ó fi ìdajì sílẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni mọ́dẹ̀mù ń ṣe, orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n gé kúrú lẹ̀ mọ́ra. Ó ń di ìsọfúnni lé ìgbì rédíò lórí kó lè rìn dé òpó, ó sì ń tú èyí tó bá ti ọ̀nà òpó bọ̀. Ẹ ti rí i rí: ẹ̀yin ń gbọ́ ẹni tó pè yín ketekete, òun ò sì gbọ́ yín. Fóònù yín ń gbà, kò lè fi ránṣẹ́ ni. Agbàmì kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú dídì àti títú pọ̀, kó rántí pé àdììtú ti wà nínú èdè wa fún ohun tí kò ṣeé tú, ibi tí a ò fẹ́ lọ nìyẹn.

Àmì náà tún wà níbẹ̀. Láàárín wa níbí, tí mo bá kọ “àmì kò péye”, àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rò. Lórí fóònù, àwọn igi kéékèèké tó tò lókè ojú rẹ̀ ni àmì, ohun tí wọ́n sì ń jẹ́rìí sí ni ìgbì. Ẹ jẹ́ ká fi àmì sílẹ̀ fún àwọn igi yẹn, kí ohun tó ń ti òpó wá máa jẹ́ ìgbì.

Nítorí náà, mọ́dẹ̀mù ni kí mọ́dẹ̀mù máa jẹ́. Ìṣòro kan ṣoṣo tí mo rí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè tó ti pẹ́ díẹ̀ mọ mọ́dẹ̀mù sí èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà láti fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti lè rú wọn lójú, ká kọ “mọ́dẹ̀mù inú fóònù” lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ó parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù wá dé. Kí la fẹ́ fi wé ara wọn nígbà tí a bá ní mọ́dẹ̀mù kan ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ? Ẹ̀gbọ́n wa lo “ìyára” láti òkè délẹ̀. Mo rò pé ìyára nìkan kò lè gbé e.

Ẹ rántí Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn igi orí fóònù kún dẹ́múdẹ́mú, òpó kò jìnnà, síbẹ̀ àwòrán kan ṣoṣo kì í lọ. Ìgbì le, àmọ́ èrò tó wà lórí òpó ti pọ̀ ju ohun tó lè gbé. Kò sí mọ́dẹ̀mù tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ wá kúrò níbẹ̀, ẹ gba Ìjẹ̀bú-Igbó wọ oko lọ, níbi tí òpó ti jìnnà tí igbó sì dí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mọ́dẹ̀mù ti ń hàn.

Bí a ṣe ń wọn agbára ìgbì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú, ó sì yẹ kí àwa tó ń wá ọ̀rọ̀ fún un mọ̀ ọ́n dáadáa. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About phone, ẹ wá SIM status, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ dBm sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà òdì ni. −85 dára, −115 ti rẹ̀wẹ̀sì gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú ẹni tí kò kíyè sí òdì, 115 ló tóbi jù. Tí nọ́ńbà yẹn bá fi 3 wálẹ̀, ìlàjì agbára ti lọ. Tó bá fi 10 wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Láti −85 dé −115, ìdá kan nínú 1000 ni fóònù yín ń rí gbà, ó sì gbọ́dọ̀ ti inú ìyẹn yọ ọ̀rọ̀ tó já gaara.

Ohun tí ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Cellular Insights yẹ̀ wò ní oṣù kẹwàá 2016 nìyẹn. Wọ́n mú iPhone 7 Plus, ẹ̀ka Qualcomm àti ẹ̀ka Intel, wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìgbì ti le, wọ́n wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo bí dátà ṣe ń wọlé. Bí ìgbì ṣe ń rẹ̀wẹ̀sì ni ẹ̀ka Qualcomm ń ṣíwájú. Lápapọ̀, ó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ta èkejì yọ, níbi tí ìgbì sì ti burú jù, àlàfo náà tó ìdá 75. Tó bá jẹ́ ìyára nìkan la kọ, òǹkàwé á rò pé níbi gbogbo ni ọ̀kan ti ń sáré ju èkejì lọ, àárín ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde náà wà níbẹ̀. Irọ́ nìyẹn. Ohun tó yà wọ́n ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń di ìgbì mú nígbà tó bá ń sá lọ.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn fi wú mi lórí. Ó ti ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu kí àwa tó jókòó wá a. Àbá mi ni “ìdìmú”: ìdìmú A1660 dáa ju ti A1778 lọ. Kí ìyára máa jẹ́ iye dátà tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí agbára ìgbì máa jẹ́ ohun tí òpó fi ránṣẹ́ tó dé ara fóònù, kí ìdìmú sì jẹ́ ti mọ́dẹ̀mù.

A ò ní pẹ́ nílò wọn dáadáa. Apple ra ẹ̀ka iṣẹ́ mọ́dẹ̀mù lọ́wọ́ Intel ní ọdún 2019, ó sì gbé mọ́dẹ̀mù tirẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ C1 jáde nínú iPhone 16e ní oṣù kejì 2025. Ìfiwéra ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Mọ́dẹ̀mù Qualcomm inú iPhone 7 lè gba mẹ́gábíìtì 600 ní ìṣẹ́jú àáyá, ti Intel kò lè kọjá 450. Ní oṣù kọkànlá 2016, Bloomberg gbé ìròyìn jáde pé Apple kò jẹ́ kí ti Qualcomm lo gbogbo agbára rẹ̀, kí àwọn méjèèjì má baà jìnnà síra. Apple ní kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣeé fojú rí láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n wa pe ohun tí wọ́n ṣe fún ti Qualcomm yẹn ní “dídínkù”. N kò rò pé ó tó, nítorí agbára ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Ìjánu ni mo fẹ́ ká lò, torí a ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan kó ìjánu sí ẹnu ara rẹ̀. “Wọ́n kó ìjánu sí mọ́dẹ̀mù náà” yé ọmọdé, ó yé àgbà.

Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Rẹ́mọ pàápàá: ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ògèrè, kí ni àwọn tó ń ta fóònù tí wọ́n sì ń tún un ṣe máa ń sọ fún èyí tí kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tó ta ìdìmú yọ, ẹ bá mi gbé e wá, mo ṣe tán láti fi tèmi sílẹ̀ fún un.

Èmi ni tiyín,
láti Ìjẹ̀bú-Òde