Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí preamp onífáàfù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà

Olùbéèrè, Ògo-Olúwa, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi preamp stẹ́ríò onífáàfù kan ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn láti ara ẹ̀rọ àwo kó tó fi í ránṣẹ́ sí áńpù, irú èyí tí wọ́n ń ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1969. Fáàfù 12AX7 mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, 12X4 kan, fáàfù tó ń sọ iná AC di DC, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kọ 120 volts, 50/60 Hz sí ẹ̀yìn rẹ̀. Inú páálí ló ṣì wà, n kò tíì fi iná sí i.

Nílé, mo ní áńpù tiransísítọ̀ kan, spíkà méjì, àti ẹ̀rọ àwo tí bàbá mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde láyé. Àpàlà àti sákárà ló pọ̀ jù nínú àwo wọn. Àwọn kan jẹ́ LP, àwọn kan sì jẹ́ àwo 78 tó wúwo, tí ìyá mi kì í jẹ́ kí ọmọdé kankan fọwọ́ kàn. Ìyá mi gan-an ni mo ń ṣe é fún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ àwọn àwo yẹn kẹ́yìn.

Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa fi iná sí i tí kò fi ní jó. Mo fẹ́ mọ ibi tí okùn ẹ̀rọ àwo máa wọ̀, torí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀: PHONO, TUNER, AUX, TAPE OUT, OUTPUT. Láàárín preamp àti áńpù, èwo ni kí n kọ́kọ́ tàn, èwo ni kí n kọ́kọ́ pa? Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ dá mi lóhùn, n kò ní òmíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Atúnrédíòṣe, Ọjà Ọba

Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè kí o tó ki pílọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ara ògiri. 230 volts ni iná wa. Bí ẹ̀rọ 120 bá jẹ ẹ́, tiransifọ́mà inú rẹ̀ máa jó, ó sì lè ba fáàfù àti kápásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, jẹ́ pẹ̀lú. Ra tiransifọ́mà step-down tó ń sọ 230 di 110. Gbé e wò lọ́wọ́ kí o tó sanwó: onírin ni o fẹ́, ó gbọ́dọ̀ wúwo. Àwọn kan wà tó fúyẹ́ gan-an, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Ìyẹn ń gé iná wẹ́wẹ́ ni, kò dára fún ohun tó ń mú ohùn jáde. Preamp kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tó lè gbé 100 watts ti tó.

Ìwọ náà mọ̀ pé iná kì í dúró lójú kan. Bó bá já sí 180 lálẹ́, 86 volts péré ni step-down máa fún ẹ̀rọ rẹ. Irun iná inú 12AX7 ń fẹ́ 12.6 volts. Bí kò bá gbóná tó, ohùn á rọ, bó bá sì ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, fáàfù náà á máa rẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Nítorí náà, stẹbiláísà ni kó ṣáájú, step-down á tẹ̀lé e, preamp á wá kẹ́yìn.

Èyí tí mo fẹ́ kí o gbọ́ jù lọ nìyí. Ẹ̀rọ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kápásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ á ti gbẹ. A kì í fún un ní iná lẹ́ẹ̀kan náà. Wá gílóòbù àtijọ́ 60 watts, èyí tó ń tàn pupa tó sì máa ń gbóná; LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. So ó sí ojú wáyà iná, kí iná gba inú gílóòbù kọjá kó tó dé step-down. Bí gílóòbù bá tàn tó sì rọlẹ̀, o lè máa bá a lọ. Bó bá tàn gbòò tí kò rọlẹ̀, nǹkan ti kan ara wọn nínú, pa á kíá.

Má ṣí ìdí rẹ̀ fúnra rẹ. Nǹkan bí 300 volts DC, iná tí kì í yí ọ̀nà padà, lè wà nínú rẹ̀, kápásítọ̀ sì máa ń dì í mú lẹ́yìn tí o bá ti yọ pílọ́ọ̀gì tán. Iná yẹn lè pa èèyàn. Gbé e lọ fún ẹni tó ní mítà, tó sì ti ṣe rédíò onífáàfù rí. Ní kó wọn DC lójú OUTPUT bí ẹ̀rọ bá ti gbóná tán. Bí DC bá ń jò síbẹ̀, á ba áńpù rẹ jẹ́, á sì dé spíkà.

Òṣìṣẹ́ iná tó ti fẹ̀yìntì, Àyétòrò

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Hz kún un, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òṣogbo wa níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, 50 Hz sì ni iná náà. 60 ni ti Amẹ́ríkà. Fóltì nìkan ni step-down ń yí padà, kì í yí Hz. Ti yín kọ 50/60, kò séwu. Ká ní 60 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, tiransifọ́mà inú rẹ̀ ìbá máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Bó bá jẹ́ ínfátà lẹ ń lò, kó jẹ́ pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA. Èyí tí wọ́n ń pè ní modified máa ń jẹ́ kí tiransifọ́mà kùn, kíkùn náà á sì wọnú orin. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ má fi í tan ẹ̀rọ yìí láìsí stẹbiláísà.

Olólùfẹ́ àwo, Òkè-Fìà

Inú mi dùn nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ àwo 78 yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú wọn.

Kí ẹ tó yan ihò, ẹ yẹ kátíríìjì wò, ìyẹn nǹkan kékeré tó gbé abẹ́rẹ́ dání ní ẹnu apá ẹ̀rọ àwo. Bó bá jẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì, iná tó ń jáde lára rẹ̀ kò ju mílífóltì 3 sí 5 lọ. PHONO nìkan ló lè gbé ìyẹn sókè. PHONO tún ní iṣẹ́ kejì. Láti ọdún 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà ti ń fi ìlànà RIAA gé àwo: wọ́n á dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n á gbé ohùn òkè ga, PHONO á sì dá a padà bó ṣe wà. Bí ẹ bá ki onímágínẹ́ẹ̀tì bọ AUX, ẹ ò ní gbọ́ àgídìgbo rárá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ni yóò máa ta sí yín létí, ohùn á sì kéré.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rédíógíráàmù ayé ọjọ́un, kátíríìjì onísẹ̀rámíìkì ló wà lẹ́nu wọn. Iná tìyẹn lágbára ju ti onímágínẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì, ó máa ń tó ìdajì fóltì nígbà míì. Bí ẹ bá ki ìyẹn bọ PHONO, ohùn á fọ́ yánkanyànkan. AUX ni kí ẹ gbìyànjú fún un. Bí ẹ bá rí ọwọ́ kékeré kan tí ẹ lè fi yí abẹ́rẹ́, tí wọ́n kọ LP àti 78 sí, onísẹ̀rámíìkì ló sábà máa ń jẹ́.

Ní ti àwo 78, kòtò ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ti LP lọ. Abẹ́rẹ́ 3 mil ló ń fẹ́ (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì). Ti LP kò ju 0.7 sí 1 mil. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ LP lù ú, abẹ́rẹ́ á rì sí ìsàlẹ̀ kòtò, ariwo ìdọ̀tí lẹ óò máa gbọ́ dípò orin. Ẹ tún yí bọ́tìnì sí MONO. Ohùn kan náà ló wà ní òsì àti ọ̀tún àwo 78, MONO á sì dín ariwo ojú àwo kù.

OUTPUT ni kí ẹ fi so áńpù. Ẹ má lo TAPE OUT, torí bọ́tìnì ohùn kò ní agbára lórí rẹ̀, ariwo tó máa jáde lè ba spíkà jẹ́. Bí ohun gbogbo bá wà ní ìdí rẹ̀ tí ẹ kò sì gbọ́ nǹkan kan, ẹ wò bóyá TAPE MONITOR wà ní títẹ̀. Bó bá wà ní títẹ̀, téèpù ni preamp ń dúró dè, kò ní dá ẹ̀rọ àwo lóhùn.

Preamp lẹ máa kọ́kọ́ tàn. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan kí fáàfù gbóná, kí ẹ tó tan áńpù pẹ̀lú ohùn ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á, áńpù ló ń ṣáájú. Fáàfù tó ń gbóná lọ́wọ́ tàbí tó ń kú lọ máa ń ju iná síta gbì, bí áńpù bá wà ní títàn, spíkà ló máa jẹ ẹ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á bá mi san án fún yín. Mo gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gílóòbù tàn, ó sì rọlẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ àwọn kápásítọ̀ ńlá, wọ́n wọn OUTPUT, DC kankan kò sí níbẹ̀. Kátíríìjì onímágínẹ́ẹ̀tì ni ti bàbá mi.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti tò ó sílé, spíkà òsì dákẹ́. Ti ọ̀tún ń kọrin, àmọ́ kíkùn kan wà lábẹ́ orin, hùùùù, bí mo bá sì ṣe ń gbé ohùn sókè ni òun náà ń ga. Ṣé fáàfù ló kú ni?

Abójútó ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìgbónà

Ẹ má tíì ra fáàfù o. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré dá fáàfù lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé okùn àti ìdè ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká mú kíkùn. Ẹ yí bọ́tìnì kúrò ní PHONO sí AUX, kí ohùn wà níbi tó wà. Bí kíkùn bá dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àwo ló ti ń wá. Ẹ wo ìdí ẹ̀rọ àwo dáadáa: yàtọ̀ sí okùn pupa àti funfun, wáyà tín-ín-rín kan sábà máa ń wà níbẹ̀, dúdú tàbí àwọ̀ ewé, tí irin ẹnu rẹ̀ là sí méjì. Wáyà ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ dè é mọ́ ìṣó tí wọ́n kọ GND sí lẹ́yìn preamp. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé preamp jìnnà sí áńpù àti step-down, bí ọwọ́ èèyàn ṣe gùn tó, kí okùn ohùn má sì bá wáyà iná rìn pọ̀. Bó bá jẹ́ dandan kí wọ́n pàdé, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn ní àgbélébùú.

Ní ti spíkà òsì, ẹ pààrọ̀ okùn òsì àti ọ̀tún tó wá láti preamp ní ẹ̀yìn áńpù, kì í ṣe okùn spíkà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa gbogbo rẹ̀. Bí spíkà òsì bá ṣì dákẹ́, áńpù tàbí spíkà ni kí ẹ wò. Bí ìdákẹ́ bá ṣí lọ sí ọ̀tún, inú preamp tàbí ṣáájú rẹ̀ ló wà. Ìgbà yẹn lẹ máa wá kan fáàfù. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ sì jẹ́ kí atúnrédíòṣe yín ràn yín lọ́wọ́. 12AX7 ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n lè gba ipò ara wọn. Ẹ di dígí rẹ̀ mú, ẹ fà á sókè gbọnrangandan, ẹ má yí i, torí ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ìdí rẹ̀ lè tẹ̀. Ẹ gbé ti òsì sí ọ̀tún, ẹ gbé ti ọ̀tún sí òsì. Bí ìdákẹ́ bá tẹ̀lé fáàfù, òun ló kú. Ẹ wo fàdákà tó lẹ̀ mọ́ orí dígí náà pẹ̀lú: bó bá ti di funfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, kò sí àtúnṣe fún un.

Ìyá ọlọ́mọ, Olú-Òde

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ kíróṣé bo orí rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá sì ti pa á tán tó tutù, ẹ bò ó, torí ọmọńlé. Wọ́n fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á gba ihò afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n á sì kú sáàárín wáyà.

Olùbéèrè

Mo rí wáyà ilẹ̀ náà! Ó ká mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ àwo. Bí mo ṣe dè é ni kíkùn lọ. Ní ti spíkà òsì, bí a ṣe ń pààrọ̀ fáàfù ni ohùn jáde, fáàfù kankan kò kú. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ti dúdú, a fi spírítì nù ún, a fà á wọlé fà á jáde díẹ̀díẹ̀ títí tó fi mọ́. Ìyá mi gbọ́ LP méjì tẹ̀léra, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó wá síbi ìsọmọlórúkọ mi.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìlù ìsàlẹ̀ kò tó bí mo ṣe rò. Ìwé áńpù mi kọ input 10k, ìyẹn 10,000 ohms.

Atúnrédíòṣe, Ọjà Ọba

10k yẹn ló fà á. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ẹrù ṣe ń wúwo tó fún preamp. Fáàfù kì í lè ti ẹrù tó wúwo bẹ́ẹ̀. Kápásítọ̀ kan wà lẹ́nu OUTPUT. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ 0.5 µF, pẹ̀lú 10k, ohùn á ti máa dínkù láti nǹkan bí 32 Hz lọ sísàlẹ̀, àìlágbára fáàfù á tún kún un. Pẹ̀lú 47k, ó di nǹkan bí 7 Hz, etí kò lè mọ̀ ọ́n. Wá áńpù tí input rẹ̀ jẹ́ 47k tàbí 100k. Jẹ́ kí okùn tó so wọ́n pọ̀ kúrú, kó má ju mítà kan lọ.

Olólùfẹ́ àwo, Òkè-Fìà

Àwo 78 ńkọ́? Mo ní abẹ́rẹ́ 3 mil tí n kò lò. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ara kátíríìjì yín síbí ká lè mọ̀ bóyá ó máa bá a mu. Ẹ má tíì fi abẹ́rẹ́ LP lu àwo yẹn.

Olùbéèrè

Mo ti gbọ́. N óò kọ ọ́ síbí lálẹ́ òní, kí n tó fọwọ́ kan àwo 78 kankan.