“Run” ìyá arúgbó lọ sí ọsibítù kẹ̀?

Ọmọ Ìpẹ̀rù, Leeds: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o! Ọ̀gá wa ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní kí n “run” ìyá kan lọ sí ọsibítù láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la. Ìyá tí kò lè dá dìde! Ṣé kí n pọ̀n wọ́n sáré ni?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Kí o fi mọ́tò gbé wọn lọ ni. Àmọ́ láísẹ́ǹsì wo lo ní? Ti Nàìjíríà ò kọjá oṣù 12 níbí, láti ọjọ́ tí o ti fìdí kalẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́tò tìrẹ, wò ó bóyá ìnṣọ́ráǹsì rẹ gba iṣẹ́ mọ́ra.

Bọ̀dá Ṣàgámù, London: “Run” yìí ná èmi lówó! Wọ́n ní kí n “run” omi ìwẹ̀ bàbá kan. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omi kún, ó ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Owó oṣù mi ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ọmọ Òde, Houston: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló jẹ̀bi. Ta ní í gbé kóròbá sídìí ẹ̀rọ omi tí í kúrò níbẹ̀?

Bọ̀dá Ṣàgámù: “Run” ni wọ́n ní, wọn ò ní kí n dúró!

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Òde ló jàre. Omi yẹn ò gbọdọ̀ ju 44°C lọ kí arúgbó tó wọ̀ ọ́. Tẹ́ ò bá dúró tì í, báwo lẹ ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n?

Ọmọ Òde: Níbí, ẹni tó ń dupò ń “run”. Lọ́dọ̀ yín, wọ́n ń “stand”. Ìdúró ló mọ́ ará London lára.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, “pa” tiwa ńkọ́? A ń pa iná, a ń pa òwe, a ń pa owó. Ọmọ mi sọ ní iléèwé pé òjò pa ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Tíṣà pè mí, ó ń bá mi kẹ́dùn!

Ọmọ Òde: Ebi ló ń pa èmi. Ìkòkòrè Òde nìkan ló lè pa á.

Bọ̀dá Ṣàgámù: Òde kẹ̀? Rẹ́mọ ló mọ ewùrà rin!

Ọmọ Òde: Ṣé Rẹ́mọ náà ní Ojúde Ọba? Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, orí fóònù ni mo ti ń wo ẹṣin. Omi bọ́ lójú mi.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ti dé ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa.

Ọmọ Ìpẹ̀rù: Ẹ ṣeun o. Oṣù 14 rèé tí mo ti dé. Kí ni kí n wá sọ fún ọ̀gá?

Bọ̀dá Ṣàgámù: Ìyá Ìbejì, gàrí yẹn, èló ni báàgì kan?